Ilé Mẹ́ta fún Ohùn Ìyá Mi

Òjò kejì lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo Áfíríkà wá gbá bọ́ọ̀lù ní Bouaké, ìlú tí mò ń gbé ní Côte d'Ivoire, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn ni mo fi ń ka ọdún báyìí. Kí ó tó dé, ìjà tó tú ìlú yìí ká ni mo fi ń kà á: ọmọ yìí, wọ́n bí i kí ìbọn tó dún, ọmọ tọ̀hún, ẹ̀yìn ìbọn ni. Mi ò lọ sílé ìwé. Ohun tí ojú mi bá rí ni mo fi ń mọ ọdún.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ òun lè bá ẹnu mi. Mo ní kí ó sáré. Inú ń bí mi, mi ò sì lè máa fi ìbínú ṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí ó lọ bá ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó sọnù, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń bínú.

Nígbà tí mo tẹ̀lé ọkọ mi wá sí ìlú yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ò mọ̀wé, ìyá mi tí mo fi sílẹ̀ kò mọ̀wé. Àwọn èèyàn máa ń bẹ akọ̀wé kó bá wọn kọ lẹ́tà sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ akọ̀wé ló máa ń wà nínú rẹ̀: “Mo wà ní àlàáfíà, bí mo ṣe lérò pé ẹ̀yin náà wà.” Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni àwa méjèèjì fi ń ránṣẹ́ síra wa. Ẹni tó bá ń lọ sílé fún Kérésì tàbí fún ìsìnkú, a ó di tèmi fún un, yóò sì bá mi gba tìyá mi bọ̀. Ìyá mi á jókòó ti rẹ́díò, á máa bá mi jà: “O ò jẹun dáadáa. Má parọ́ fún mi, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ.” Adìẹ á ké lẹ́yìn rẹ̀, á lé e, á bú ẹni tó ni ín, á sì padà sórí ọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo gbé rẹ́díò sún mọ́ ọn lẹ́nu, mo fi ẹkún rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá mi fi dáhùn, èmi kọ́ ló bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà ló bá sọ̀rọ̀. “Ìwọ tó ń sunkún lọ́nà jíjìn un,” bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó fún un lóríkì, ó gbàdúrà fún un, ó sì sọ ohun tí òun fẹ́ kí ó jẹ́ fún àwọn tí yóò bí tẹ̀ lé e. Kí a tó rí ọ̀nà gbé ọmọ náà lọ sílé, ìyá mi ti kú. Kò fojú kàn án rí. Ohùn yẹn ni gbogbo ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Àpótí páànù ni mo kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì sí. Nígbà tí ìjà dé, wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ, aṣọ, tábìlì, títí kan ìlẹ̀kùn. Àpótí yẹn kò lọ, nítorí pé inú àjà ilé aládùúgbò mi tó jẹ́ ẹ̀yà Dioula ni mo gbé e sí. Nígbà tó ń gbé e fún mi padà, ó rẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí pè mí: “Anago, mo rò pé wúrà ni o kó pamọ́ sórí mi!”

Ọmọ ọmọ mi tí mo wí yìí, ọmọ àkọ́bí mi ni, ọ̀dọ̀ mi ní àdúgbò Kennedy ló ń gbé, tó ń lọ sí yunifásítì. Lọ́jọ́ kan ó gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wọlé, ojú kọ̀ǹpútà náà ti sán bí ojú dígí tí wọ́n sọ òkúta lù.

“Kí lèyí?”

“Serveur ni, Màmá.”

“Ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún èèyàn ní ilé oúnjẹ máákì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni, Màmá. Ẹ ó bèèrè, á gbé e wá fún yín.”

“Jẹ́ kó gbé ẹja díndín wá, mo ti ń dúró.”

A rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀rín la fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó fẹ́ ṣe nìyí. Ó ní òun máa gba ohùn ìyá mi kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì, òun máa gé e sí wẹ́wẹ́, òun máa fi wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sí inú kọ̀ǹpútà méjì, nínú mẹ́ta tó máa wà ní ilé mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ bíi tẹlifóònù. Bí ọ̀kan bá kú, bí olè bá gbé e, bí iná bá jó o, kò sí ohun tó máa sọnù, àwọn méjì tó kù á dá gbogbo rẹ̀ pa dà. Mo ní ṣé fóònù rẹ̀ kò gbà á ni? Ó ní fóònù lè bọ́ sínú omi. Mo ní ta ló kọ́ ọ ní èyí? Ó ní òun ló ń tò ó jọ fúnra òun, iṣẹ́ ilé ìwé ni, “expérience” ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. “Ìdánwò? Ìyá mi lo fẹ́ fi dánwò?”

“Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀...”

“Lọ mú ìyá ẹlòmíràn. Lọ mú ìyá ọ̀gá rẹ tó rán ọ níṣẹ́. Ìyá mi kì í ṣe ẹran tí wọ́n ń fi abẹ́ kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀.”

Mo lé e jáde nínú yàrá, mo ti ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí mọ̀ mí. Kò bẹ̀ mí. Ohùn rẹ̀ àti ti àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló fi dánwò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò fọwọ́ kan àpótí mi. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì mí, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yín kan.” A fi ọ̀kan sí rẹ́díò. Kò sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ tí tépù inú rẹ̀ fi já. Ooru àti ọjọ́ orí ti jẹ ẹ́. Mo wá rí i pé bí mo bá ń tọ́jú wọn bẹ́ẹ̀, inú àpótí ni wọ́n máa jẹrà sí. Mo ní, “Ó dáa. Ṣe é.”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì lè sọ̀rọ̀. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gbà á ni òmíràn ń já lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí a parí, bébà àti ike ló kù nínú àpótí páànù. Ìyá mi ti kó lọ sí ilé tuntun.

Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wà nínú yàrá mi ní Kennedy. Èkejì wà lábẹ́ tábìlì tí ọmọ mi obìnrin ti ń gé aṣọ ní àdúgbò Gonfreville, aránṣọ ni. Ẹ̀kẹta, èyí tí ọmọ ọmọ mi ń lò fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gbé e fún ọmọ mi àbíkẹ́yìn tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń kó kaṣú sí ní Zone, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́. Ó ra régúlátọ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àpótí kékeré tó máa ń gba ìyà iná kí iná má bàa kan kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó fi hàn mí, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ìyá mi ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ó ń bú àwọn tó ń ta iyọ̀ oníyanrìn. Ọmọ ọmọ mi pe Gonfreville lórí fóònù. “Àǹtí, ẹ yọ ọ́ nínú iná báyìí.”

Mo dìde. “Má yọ ọ́! Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́!”

“Mo ti yọ ọ́,” ni ohùn ọmọ mi dáhùn láti Gonfreville.

Ìyá mi kò dákẹ́. Ó bú àwọn oníyọ̀ títí, ó lé adìẹ, ó padà wá bèèrè ẹsẹ̀ ọkọ mi tó ń dùn ún. Mo padà jókòó. Mo ní kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pe Zone, ìyá mi kò dákẹ́. Ọjọ́ yẹn ni ìdí rẹ̀ yé mi: kò sí ní ilé ẹnì kankan, nítorí náà kò sí ẹni tó lè pa á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, ọmọ tó ń bá mi kọ ọ́ gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká fo ibẹ̀ yẹn. Bàbá mi ni.” Mo ní ọmọ mi ni kó tó di bàbá rẹ. Kọ ọ́.

Àkọ́bí mi ní ilé tirẹ̀, ilé ńlá tó ní géètì. Ó jẹ́ dáwódù, ó sì fẹ́ràn kí èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àga tí bàbá rẹ̀ fi ń jókòó kí ó tó kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà. Fọ́tò bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn, bí a ti ń ṣe é nílé nìyẹn, ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ẹbí, ọ̀dọ̀ àkọ́bí ló ń gbé. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ lọ sí Abidjan láti lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan, àkọ́bí mi lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Zone. Ó bá àwọn tó ń gbé kaṣú, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹun. Wọ́n sì gbé abọ́ àtíẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ibí yìí, lé orí kọ̀ǹpútà náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ti wà ní ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà méjì ti wà lẹ́yìn ọkọ̀. Tèmi ló wá gbé.

“Màmá, wọ́n gbé abọ́ àtíẹ̀kẹ́ lé ìyá yín lórí!”

“Ẹnu rẹ̀ kò dí. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀.”

“Àti ní Gonfreville, abẹ́ tábìlì! Àárín àkísà! Gbogbo oníbàárà ń fi ẹsẹ̀ ta á. Ohun ìní ẹbí kì í wà káàkiri báyìí. Ìtìjú ni.”

“Káàkiri yẹn ni oògùn rẹ̀. Ọmọ rẹ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ọmọ mi! Ṣé òun ló bí mi ni?” Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ̀yin ò kàwé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ti ọ̀nà jíjìn bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó ń rẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá wà ní ojú kan, wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́, bíi tẹ̀gbọ́n tàbúrò.”

Ẹ̀yin ò kàwé. Ọmọ tí mo fi owó gaàrí rán lọ sílé ìwé. Mo lọ dúró sí àárín ẹnu ọ̀nà. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà sókè orí rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ rọra, ẹ máa wo ẹsẹ̀ yín,” ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ àpótí kọjá.

Àwọn régúlátọ̀ tí ọmọ rẹ̀ rà, ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní mítà tuntun ni wọ́n fi sí ilé òun, òun ò nílò àpótí yẹn.

Mo lọ wò ó ní ọjọ́ kejì. Ó ti gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì kan nínú pálọ̀, lábẹ́ fọ́tò bàbá rẹ̀, ó fi léèsì funfun bò wọ́n. Ó pe alàgbà kan wá gbàdúrà sí wọn. Waya kan ṣoṣo ló ń fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti fíríìjì, àti tẹlifíṣọ̀n, níná. Ìyàwó rẹ̀ bu omi tútù fún mi, ó ní, “Màmá, ẹ wò ó, ó dà bíi pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì.” Mi ò mu omi náà.

Ọmọ ọmọ mi pè mí láti Abidjan. “Màmá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dá mi lóhùn láti ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí ló ṣẹlẹ̀?” Mo sọ fún un. Ó pariwo débi pé mo mú fóònù kúrò létí. Ó pe bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ní kí ó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti fà á wá sí Abidjan lórí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ tó wà nílé bàbá rẹ̀ kò lágbára. Ó ní òun ń bọ̀ wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀ láti wá gbé wọn kúrò.

Mo wọ takisí padà lọ sí ilé ọmọ mi. Mo ní, “Fún mi ní ọ̀kan. Ọ̀kan péré. Tọ́jú méjì.” Ó ní, “Màmá, kí àwọn ará ìlú má bàa sọ pé mo pín ẹbí.” Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo bí i, mo bẹ̀ ẹ́, ó sì ń wo bọ́ọ̀lù.

Ìparí ọ̀sẹ̀ kò tíì dé. Iná lọ ní ọ̀sán, bó ti máa ń lọ. Ìgbà tó padà dé, kò padà bí èèyàn pẹ̀lẹ́. Gílóòbù bẹ́, fíríìjì gbin, tẹlifíṣọ̀n kú, èéfín sì ń jáde lábẹ́ léèsì funfun. Ìyàwó rẹ̀ ló sá jáde wá pè mí lórí fóònù. Ìgbà tí mo dé, pálọ̀ náà ń rùn bí ike tó jóná, àkọ́bí mi sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́.

“Mi ò dà á sí i o, Màmá. Mo mọ̀ pé omi kò dáa fún un.”

Mo wò ó. Ìyẹn nìkan ni ohun tó mọ̀.

Mo sọ ohun tí mo sọ fún un níbẹ̀, níwájú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò tó rọ́ wọlé. Ọmọ tó ń kọ ọ́ bẹ̀ mí pé kí a má kọ ọ́, mo gbà fún un. Ìyẹn nìkan ni mo gbà.

Ọmọ ọmọ mi kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá ẹni tó ń tú kọ̀ǹpútà. Inú méjì ti jóná pátápátá. Dísìkì inú ẹ̀kẹta, ti àtíẹ̀kẹ́, ṣì lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wẹ́wẹ́ ni ohùn náà, kọ̀ǹpútà kankan kò sì ní gbogbo rẹ̀. Wẹ́wẹ́ tó bá jẹ́ pé àwọn méjì tó jóná ló wà lọ́wọ́ wọn, ó ti lọ nìyẹn. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ló ní ihò. Ìyá mi á máa sọ̀rọ̀, á dákẹ́ lójijì, ìdákẹ́ tí kò ní adìẹ, tí kò ní èémí, á tún bẹ̀rẹ̀ ní ibòmíràn. Ó ń bèèrè ẹsẹ̀ ọkọ mi, kí ó tó parí ìbéèrè, ó ti ń lé adìẹ. Ọmọ mi obìnrin gbọ́ díẹ̀, ó fi gèlè bo ojú.

Àkọ́bí mi wá. Ó wá láìpariwo, ó jókòó sórí àpótí páànù tó ti ṣófo. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ti òun, èyí tí ìyá àgbà bá òun sọ. Kò bèèrè rẹ̀ rí ní gbogbo ìgbà tí ohùn náà fi wà lódidi.

Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún un. “Ìwọ tó ń sunkún lọ́nà jíjìn un,” ni ìyá mi wí. Ó pe oríkì rẹ̀. Àkọ́bí mi gbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́. A jókòó, a ń dúró. Ìdákẹ́ náà gùn. Ìgbà tí ìyá mi fi padà dé, àdúrà ti parí, ó ń sọ pé kí n fi òrí pa ọmọ náà lára.

“Kí ló sọ níbẹ̀, Màmá? Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ ti gbọ́ ọ títí.”

Mo mọ̀ ọ́n. Mo lè sọ ọ́ bí mo ṣe ń mí. Mo ní, “Lọ bi iná.”

Ó sọkún. Ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n funfun. Mi ò sọ ọ́ fún un. Ọmọ rẹ̀ ní, “Màmá, ẹ bá wa sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, kí n fi ohùn yín dí ihò náà.” Mo ní láéláé. Mi ò ní fi ohùn mi rẹ́ ihò tí ọmọ mi lu sára ìyá mi. Kí ihò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ, kí ó máa bèèrè ẹni tó lu ú.

Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, mo sì mọ̀ pé bí mo bá kú pẹ̀lú rẹ̀ nínú, èmi náà ti jó o nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọmọ mi tún rí kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta mìíràn, tó tún wọn tò, mo jókòó níwájú ọ̀kan, mo sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bá àkọ́bí mi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ́tọ̀, ní ohùn tèmi. Mo sì pe àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sínú yàrá mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ohun tí ìyá mi sọ wà níbẹ̀ báyìí,” mo wí fún wọn. “Ó wà ní Gonfreville, ó wà ní Zone, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ tó ń tò ó yìí. Àbúrò àti ọmọ. Ilé dáwódù kò sí nínú rẹ̀.”

Àkọ́bí mi ní, “Báwo ni mo ṣe máa wá gbọ́ ọ, Màmá?”

“Wàá lọ sí ilé àbúrò rẹ obìnrin. Wàá jókòó sáàárín àkísà, wàá kí i pé ó kú iṣẹ́, wàá bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí o gbọ́.”

Àbúrò rẹ̀ kò lè mú ẹnu dúró: “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ṣòkòtò tí ẹ fẹ́ tún ṣe dání, kí ẹ má wá lásán.” Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ó ní bí ẹ̀gbọ́n bá sì fẹ́ wá sí Zone, àtíẹ̀kẹ́ wà. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ gbọ́,” mo ní, “mi ò tíì parí. Bí mo bá kú, àga mi, aṣọ mi, ilé yìí, ẹ kó wọn fún ẹni tí àṣà bá ní kí ẹ kó wọn fún. Ohùn mi kò sí lára wọn. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ pín in sí ilé yín. Ẹni tó bá dé sí ẹnu ọ̀nà yín tó ní òun wá kó mi jọ, ìbáà gbé mọ́tò wá, ìbáà gbé alàgbà wá, ẹ fún un lómi mu. Ẹ má jẹ́ kó wọlé.”